Àwọn ewéko ẹlẹ́gùn-ún Karoo àti Namib: orúkọ Afrikaans wo la lè gbára lé?

Òǹkọ̀wé-Ewéko béèrè pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ọ̀dọ́ tí ẹ ń pàdé níbí. Mo ń kọ ìwé pẹlẹbẹ kan ní èdè Yorùbá lórí àwọn ewéko ẹlẹ́gùn-ún tí ń fi omi pamọ́ sára ní ilẹ̀ gbígbẹ Gúúsù Áfíríkà àti Nàmíbíà, láti Karoo títí dé etí aṣálẹ̀ Namib. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kí n kọ orúkọ sáyẹ́ǹsì ewéko kọ̀ọ̀kan, kí n sì kọ orúkọ tó ń jẹ́ ní èdè Afrikaans tẹ̀ lé e, nítorí pé orúkọ yìí ni ẹni tó bá dé agbègbè náà yóò gbọ́ lẹ́nu àwọn darandaran, àwọn òṣìṣẹ́ oko àti àwọn atọ́nà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá lọ́jú pọ̀ nìyí. Ní Northern Cape, wọ́n fi igi kan hàn mí tí ẹ̀gún rẹ̀ tò ní méjì-méjì sí etí òpó rẹ̀, tí oje funfun sì ń tú jáde bí wọ́n bá fi ọ̀bẹ kàn án, wọ́n ní gifboom ni. Nígbà tí mo dé apá Vanrhynsdorp, wọ́n tún na ìka sí igi mìíràn tí kò ní ẹ̀gún kankan, tí ewé rẹ̀ nípọn tó sì le, wọ́n ní gifboom ni òun náà. Orúkọ noors ni mo gbọ́ fún oríṣiríṣi ewéko tí wọn kò jọra tó bẹ́ẹ̀. Kraalaalwyn àti kanonaalwyn tí mo ti kọ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ewéko kan náà ni ẹnì kan sọ pé wọ́n jẹ́. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń pe ohunkóhun tó bá ti ní ẹ̀gún ní kaktus, kò sì kàn wọ́n bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ṣé orúkọ wọ̀nyí ṣeé gbára lé nínú ìwé tí àwọn ènìyàn yóò máa mú rìn? Báwo ni ẹni tí kò kọ́ ìmọ̀ ewéko ṣe lè dá kákítọ́ọ̀sì gidi mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tó kàn jọ ọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn to orúkọ fún mi. Ohun tó wà nídìí orúkọ náà ni mo fẹ́ lóye. Ọ̀rọ̀ kan tún kù: ẹnì kan fi halfmens, ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ìdajì ènìyàn, lọ̀ mí, ó ní òun yóò bá mi gbé e wá láti Richtersveld, ilẹ̀ olókè gbígbẹ ní Northern Cape, ní owó pọ́ọ́kú. Ṣé ó tọ́ kí n gbà á?

Aṣọ́gbà fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́, Òǹkọ̀wé wa. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ kákítọ́ọ̀sì kúrò nílẹ̀, torí òun ló ń da ojú ọ̀rọ̀ yòókù rú. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo ẹbí kákítọ́ọ̀sì ti ṣẹ̀ wá. Ẹyọ kan ṣoṣo, Rhipsalis baccifera, ló wà ní Áfíríkà láìjẹ́ pé ènìyàn ló gbé e wá, orí igi nínú igbó ọlọ́rinrin ni òun sì máa ń so rọ̀ sí, kò bá ọ̀rọ̀ aṣálẹ̀ mu rárá. Nítorí náà, ewéko ẹlẹ́gùn-ún yòówù tí ẹ bá bá ní Karoo tó ń hù níbi tí ó ti ń hù láti ìgbà láéláé, kì í ṣe kákítọ́ọ̀sì, bó ti wù kó jọ ọ́ tó. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó jọ ọ́ jẹ́ Euphorbia. Ilẹ̀ gbígbẹ ló sọ àwọn méjèèjì di alájọra láìjẹ́ pé wọ́n bára wọn tan: ewé dínkù tàbí kó pòórá, òpó wú láti gba omi pamọ́, ó sì di ewé tuntun, òun ló ń fi àwọ̀ ewé ara rẹ̀ se oúnjẹ nínú oòrùn. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣí ihò tí wọ́n fi ń mí lọ́sàn-án. Alẹ́, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tutù, ni wọ́n ń ṣí i, kí omi ara wọn má baà bá ooru lọ.

Ohun méjì ni ẹni tí kò kàwé ewéko lè fi dá wọn mọ̀. Àkọ́kọ́ ni oje. Euphorbia a máa tú oje funfun bíi wàrà ní kété tí ohunkóhun bá ti ha á lára, nígbà tí oje èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kákítọ́ọ̀sì jẹ́ omi tí kò láwọ̀. Ẹ má sì fi ọwọ́ yẹ̀yẹ́ mú oje funfun yìí. Bí ó bá ta sí ojú, ó lè ba ẹyinjú jẹ́, ìrora rẹ̀ a sì pọ̀. Nítorí náà, kí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án má fi ọwọ́ náà nu ojú, kí ó sì fi omi púpọ̀ ṣan án, kí ó sì tètè lọ rí dókítà bí ó bá ti kan ojú.

Èkejì ni ẹ̀gún. Lára kákítọ́ọ̀sì, inú ibi kékeré kan tó rí bíi tìmùtìmù ni gbogbo ẹ̀gún ti ń yọ, ibẹ̀ náà sì ni òdòdó ti ń jáde. Lára Euphorbia bíi gifboom tí wọ́n fi hàn yín ní Northern Cape, ẹ̀gún a máa yọ ní méjì-méjì lórí awẹ́ líle kan ní etí igun òpó. Nígbà mìíràn àwọn awẹ́ wọ̀nyí á so pọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí igi náà ṣe ń dàgbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo Euphorbia ló rí bẹ́ẹ̀. Lára Euphorbia ferox, Euphorbia enopla àti Euphorbia horrida, ẹ̀gún kọ̀ọ̀kan dá dúró ni, ìdí rẹ̀ sì ni pé igi òdòdó ni ó gbẹ tó le tó sì di ẹ̀gún. Ẹ wo Euphorbia stellispina dáadáa bí ẹ bá rí i: orí ẹ̀gún rẹ̀ a pín sí ẹ̀ka kéékèèké tó nà síta bí ìràwọ̀.

Ọ̀rọ̀ gifboom tó rú yín lójú kò le. Igi tó ní májèlé ni ìtumọ̀ rẹ̀, igi tó ní májèlé sì pọ̀ ní ilẹ̀ náà. Èyí tó ní ẹ̀gún ni Euphorbia virosa, tí ó wà láti Northern Cape wọ Nàmíbíà. Àwọn ọdẹ San, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ti ń ṣọdẹ níbẹ̀ láti ìgbà láéláé, a máa fi oje rẹ̀ sí orí ọfà. Èyí tí ẹ rí ní Vanrhynsdorp ni Hyaenanche globosa. Òun ni wọ́n fi sọ òkè tó wà nítòsí ibẹ̀ ní Gifberg, èso rẹ̀ ni àwọn ará àtijọ́ sì máa ń lọ̀ sínú òkú ẹran láti fi pa ìkookò tó ń jẹ àgùntàn wọn. Kò ní ẹ̀gún, kì í fi omi pamọ́ sára, kò sì yẹ kí ó wọ inú ìwé yín. Àwọn tó pè é ní gifboom kò ṣìnà. Ẹ̀yin ni ẹ gbọ́dọ̀ bi wọ́n pé gifboom wo.

Turksvy ni kákítọ́ọ̀sì tí ẹ óò bá jù níbẹ̀. Opuntia ficus-indica ni, láti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e wá, ó sì gba ilẹ̀ ìjẹko tó gbòòrò ní Eastern Cape mọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ kí ìjọba tó fi kòkòrò gbógun tì í ní àwọn ọdún 1930. Èyí tó ní ẹ̀gún wà lára àwọn ewéko àjèjì tí òfin ní kí wọ́n kápá. Kaalbladturksvy, tí kò ní ẹ̀gún, ni àwọn àgbẹ̀ ṣì ń gbìn fún ẹran. Mo ka litjieskaktus, ìyẹn Opuntia aurantiaca, sí èyí tó burú jù ú lọ: kò nílò èso tó ṣeé gbìn rárá, oríkèé rẹ̀ kan tó já tó sì lẹ̀ mọ́ irun àgùntàn ti tó láti dá igbó tuntun sílẹ̀ níbòmíràn. Ẹ kọ àwọn wọ̀nyí sí abala tiwọn, kí òǹkàwé má baà rò pé ọmọ ilẹ̀ náà ni wọ́n.

Ọmọ-Darandaran fèsì pé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Aṣọ́gbà, ẹ ti là á mọ́lẹ̀. Noors ni n óò dì mú ní tèmi, torí mo ti bá àwọn tó ń sin ẹran ní ìgbèríko Jansenville gbé, mo sì rò pé orúkọ yìí kún ju bí àwọn tó wá láti ìlú ńlá ṣe rò lọ.

Noors kì í ṣe orúkọ ewéko kan. Ó jẹ́ orúkọ fún irú Euphorbia ẹlẹ́gùn-ún kan tí kò ga púpọ̀, tó ń hù ní ṣùpọ̀-ṣùpọ̀, tí òpó rẹ̀ sì ní igun mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó pọ̀ lórí ilẹ̀ Jansenville tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pe gbogbo agbègbè náà ní Noorsveld. Bí ẹ bá sọ pé noors lásán, kò sí darandaran tí yóò bá yín jiyàn, ṣùgbọ́n kò tí ì sí èyí tí ẹ sọ. Ohun tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ fún un ni ọ̀rọ̀ tó bá ṣáájú. Soetnoors, èyí tó dùn, ni Euphorbia caerulescens, tí àwọ̀ rẹ̀ fara jọ búlúù. Suurnoors, èyí tó kan, ni Euphorbia ledienii. Ẹ má rò pé ènìyàn ló tọ́ ọ wò tó sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹnu ẹran ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n: èyí tí ẹran ń jẹ ni soet, èyí tí ẹran ń fà sẹ́yìn fún ni suur. Nítorí náà, nínú ọ̀rọ̀ kúkúrú kan, ìmọ̀ nípa bí ẹran ṣe ń yè ní àkókò ọ̀dá ti wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, torí n kò rò pé ẹ óò rí i kà ní èdè wa. Bí ọ̀dá bá mú tí koríko sì tán, àwọn òṣìṣẹ́ oko á wọ bàtà tó nípọn, wọ́n á máa ṣá òpó soetnoors lulẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ nínú oòrùn títí yóò fi rọ. Bí ó bá ṣe ń rọ, bẹ́ẹ̀ ni oje funfun ń gbẹ tí ìta rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. Ẹ̀gún náà á sì máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn mìíràn a máa fi iná jó ẹ̀gún náà kúrò. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á jẹ́ kí àgùntàn àti ewúrẹ́ wọlé sí i, títí kan ewúrẹ́ Angora tí irun rẹ̀ sọ Jansenville di olókìkí. Òpó tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá ní oje jù, wọn kì í jẹ́ kí ẹran sáré bá a. Mo ti dúró ti òkìtì noors tó rọ, awọ rẹ̀ hunjọ, àwọ̀ búlúù rẹ̀ ti di eérú, ẹ̀gún rẹ̀ ṣì tò ní méjì-méjì bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ewúrẹ́ á fi ètè wá ibi tí ẹ̀gún kò sí, á bù ú láti ẹ̀gbẹ́. Ó yẹ kí ẹ kọ èyí sínú ìwé yín kí ẹ tó kọ iye igun tí òpó ní.

Ẹran ọ̀sìn nìkan kọ́ ló mọ̀ ọ́n jẹ. Ní ẹkùn odò Great Fish, àgbáǹréré dúdú a máa jẹ Euphorbia bothae, tí òun náà wà nínú àwọn noors, á fi ara wó o lulẹ̀, á sì máa jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀gún àti oje rẹ̀. Oyin sì wà tí wọ́n ń pè ní noorsheuning, tí àwọn oyin fà lára òdòdó noors, tó ń ta lẹ́nu àti lọ́nà ọ̀fun bí ata. Ẹni tí kò mọ orúkọ yìí lè ra ìgò rẹ̀ láìfura.

Ti naboom rọrùn ju èyí lọ. Igi Euphorbia tó ga, tó ní òpó gidi, tí ẹ̀ka rẹ̀ sì yọrí sókè ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Naboom tó gbajúmọ̀ jù ni Euphorbia ingens, òun ni wọ́n fi sọ ìlú Naboomspruit ní Limpopo, tí orúkọ rẹ̀ ti di Mookgophong báyìí. Riviernaboom ni Euphorbia triangularis. Bí òpó bá wà, naboom ni. Bí ó bá jẹ́ ṣùpọ̀ láti ilẹ̀, noors ni. Ìwọ̀n tí àwọn ará oko ń lò nìyẹn, mi ò tí ì rí i kó ṣìnà tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó sọ fún yín pé kraalaalwyn àti kanonaalwyn jẹ́ ọ̀kan kò parọ́. Aloe claviflora ni àwọn méjèèjì. Ṣùpọ̀ rẹ̀ a máa tàn síta ní òbírípo, àárín á kú, á wá ku òrùka tó dà bí ọgbà ẹran, ìyẹn kraal. Òdòdó rẹ̀ kì í nàró, ńṣe ló máa ń dùbúlẹ̀ síta bí ẹnu àgbá ogun, ìyẹn kanon. Ẹni méjì ló wo ewéko kan láti ìhà méjì. Ẹ kọ orúkọ méjèèjì, ẹ má yọ ọ̀kankan kúrò.

Ẹ má sì gbàgbé bitteraalwyn, Aloe ferox, tí ẹ̀gún pupa rúsúrúsú wà ní etí ewé rẹ̀, àti nígbà mìíràn ní ẹ̀yìn àti àyà ewé pẹ̀lú. Ní apá Albertinia, àwọn tó ń ro oje rẹ̀ a máa gé ewé, wọ́n á tò wọ́n yí kòtò kékeré kan ká, ojú ibi tí wọ́n gé á kọ sínú kòtò náà, oje kíkorò á máa kán sínú ohun tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Wọ́n á wá sè é títí yóò fi di ohun dúdú líle tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń ṣe oògùn ìgbẹ́ gbuuru. Mo tún ọ̀rọ̀ mi sọ kedere: oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ ni, kì í ṣe èyí tó ń dá a dúró.

Olólùfẹ́-Richtersveld fèsì pé:

Òǹkọ̀wé wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má gba halfmens yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á. Pachypodium namaquanum kì í yára dàgbà rárá. Èyí tó ga tó ènìyàn ti lo ọdún tó pọ̀ gan-an lórí àpáta kí ó tó dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá hú u kúrò lórí òkè, kì í sábà yè, ó sì lè pẹ́ kí ẹni tó rà á tó mọ̀ pé ó ti kú, nítorí omi tó wà nínú òpó rẹ̀ á ṣì máa gbé e dúró. Gbogbo ìran Pachypodium ló wà lábẹ́ àdéhùn CITES lórí òwò àwọn ohun abẹ̀mí láàárín orílẹ̀-èdè. Òfin ìdáàbòbò ohun àdáyébá Northern Cape ti ọdún 2009 sì béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ hú irú ewéko bẹ́ẹ̀, tó fẹ́ gbé e rìn, tàbí tó fẹ́ tà á. Owó pọ́ọ́kú tí wọ́n dá lé e ti fi hàn pé kò sí ìwé kankan nídìí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ dandan, ẹ ra èyí tí wọ́n gbìn láti inú hóró ní ọgbà tó ní ìwé àṣẹ, kí ẹ sì gba ìwé tiyín. Bí wíwò bá tó yín, ó wà ní Karoo Desert National Botanical Garden ní Worcester, tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1945.

Orúkọ náà tọ́ sí ìwé yín gan-an. Òpó kan ṣoṣo ni halfmens sábà máa ń ní, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sanra, òkè rẹ̀ á tín-ín-rín, ẹ̀gún á bò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ní orí rẹ̀ gan-an ni ìdì ewé tó ní ìṣẹ́po wà, tó ń hù lásìkò òtútù tí òjò ń rọ̀ ní ẹkùn náà. Ẹni tó bá rí i lórí òkè ní àṣálẹ́ lè rò pé ènìyàn ló dúró. Orí yẹn a sì máa tẹ̀ sí ìhà àríwá. Àwọn Nama, ìyẹn àwọn darandaran ọmọ ilẹ̀ náà, sọ pé àwọn ènìyàn kan tí ọ̀tá lé la odò Orange kọjá wá sí gúúsù ni wọ́n. Àwọn tó yíjú padà wo ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ ni a sọ di ìdajì ènìyàn lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì ń wo ìhà ibẹ̀ títí di òní. Àwọn onímọ̀ ewéko ní tiwọn sọ pé ìhà àríwá ni oòrùn wà ní ìgbà òtútù ní ìsàlẹ̀ ayé, ibẹ̀ sì ni ewé àti òdòdó ti lè rí ooru tó pọ̀ jù. N kò rí ìdí tí ìwé yín fi ní láti yan ọ̀kan kó sì fi èkejì sílẹ̀. Ilẹ̀ Richtersveld, tí àwọn Nama ṣì ń da ẹran lórí rẹ̀, wọ àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2007, ìtàn wọn sì jẹ́ ara ohun tí wọ́n torí rẹ̀ kà á sí.

Ẹ fi kokerboom sí i pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gún rẹ̀ kò tó nǹkan. Aloidendron dichotomum ni; títí di ọdún 2013, abẹ́ Aloe ni wọ́n kà á sí. Koker ni apó, nítorí pé àwọn San a máa gbẹ́ inú ẹ̀ka rẹ̀ láti fi kó ọfà. Simon van der Stel, tó jẹ́ alákòóso Cape nígbà náà, ti gbọ́ nípa ìlò yìí nígbà tó rìnrìn-àjò lọ wá bàbà ní Namaqualand ní ọdún 1685. Èèpo òpó rẹ̀ mú bí abẹ ní etí, kí ẹnikẹ́ni má gùn ún. Àwọn ìbátan rẹ̀ méjì wà ní Richtersveld: nooienskokerboom, Aloidendron ramosissimum, tó kúrú tó sì ní ẹ̀ka púpọ̀, àti basterkokerboom, Aloidendron pillansii, tó ga tó sì wà nínú ewu ìparun tó le jù.

Ti ghaap, ìyẹn àwọn Hoodia àti ìbátan wọn, gba ìṣọ́ra. Hoodia gordonii ni bitterghaap. Ó ní òpó púpọ̀ tó nàró, ẹ̀gún tò sórí ìlà kókó-kókó lára wọn, òdòdó rẹ̀ sì tẹ́ bí àwo, àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ẹran ara, ó ń rùn bí ẹran tó jẹrà kí eṣinṣin lè wá bá a gbé ìyẹ̀fun òdòdó kiri. Ẹbí Apocynaceae ni òun àti halfmens, wọn kò bá Euphorbia tan, oje wọn kì í sì funfun. Àwọn ọdẹ San a máa jẹ òpó rẹ̀ láti fi pa ebi àti òǹgbẹ. CSIR, àjọ ìwádìí ìjọba Gúúsù Áfíríkà, gba ẹ̀tọ́ àdáni lórí èròjà inú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, wọ́n sì fún àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè láṣẹ láti sọ ọ́ di oògùn ìsanra, láìjẹ́ pé wọ́n bá àwọn San sọ ọ́. Ọdún 2003 ni wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú wọn: ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí CSIR bá rí lórí títà, àti ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá wọlé bí iṣẹ́ bá ti ń tẹ̀ síwájú. Pfizer yọwọ́ ní ọdún 2003, Unilever gbà á lẹ́yìn rẹ̀, òun náà sì dá a dúró ní ọdún 2008, nítorí náà owó ńlá tí wọ́n ń retí kò dé. Ṣùgbọ́n ariwo náà ti mú kí àwọn ènìyàn máa hú Hoodia kiri inú aṣálẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi bọ́ sábẹ́ CITES láti ìpàdé ọdún 2004. Bí ẹ bá kọ bitterghaap, ẹ kọ ìtàn yìí pẹ̀lú, kí òǹkàwé mọ ẹni tó ni ìmọ̀ náà.

Òǹkọ̀wé-Ewéko fèsì pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Mo ti kọ̀ fún ẹni tó fi halfmens lọ̀ mí, mo sì ti sọ ìdí rẹ̀ fún un. Àbá Ọmọ-Darandaran pé kí n fi ohun tí ẹran ń ṣe ṣáájú ìrísí òpó wọ̀ mí lọ́kàn, bẹ́ẹ̀ ni n óò ṣe é.

Ó ku ohun méjì. Boesmankers wà nínú àkójọ mi, ẹnì kan sì kìlọ̀ fún mi pé kò dára kí n tẹ orúkọ náà jáde. Kí ni kí n kọ dípò rẹ̀? Àti pé, bí ọ̀pọ̀ ìmọ̀ yìí bá jẹ́ ti àwọn Nama àti àwọn San, ṣé ó bójú mu kí ó jẹ́ orúkọ Afrikaans nìkan ni ìwé mi gbé?

Akẹ́kọ̀ọ́-Èdè fèsì pé:

Ìkìlọ̀ tí wọ́n fún yín ní ìdí. Boesman jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi tàbùkù àwọn San fún ìgbà pípẹ́. Àwọn kan nínú wọn ṣì ń lò ó fún ara wọn, àwọn mìíràn kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Kersbos wà, òun náà jẹ́ orúkọ gidi tí àwọn ará ibẹ̀ ń lò, ó sì sọ ohun kan náà: igbó àbẹ́là. Ẹ fi kersbos ṣe orúkọ, kí ẹ sì sọ lẹ́ẹ̀kan nínú àlàyé pé ẹni tó bá ń ka ìwé àtijọ́ yóò bá boesmankers pàdé, kó lè mọ̀ pé ewéko kan náà ni.

Ewéko yìí yẹ kí ẹ fún láàyè dáadáa. Monsonia crassicaulis ni, tí àwọn ìwé tó ti pẹ́ díẹ̀ ń pè ní Sarcocaulon. Ẹ̀gún rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀gún láti ìbẹ̀rẹ̀: igi ewé ni. Bí ewé bá hù tán tó sì já, igi rẹ̀ kì í bá a lọ, ó á le, á sì mú, á di ẹ̀gún. Èèpo rẹ̀ kún fún ìda débi pé ó ń jó bí ìtùfù kódà nígbà tó bá tutù, èéfín rẹ̀ sì ní òórùn dídùn. Nínú Namib, ẹ óò rí èèpo àwọn tó ti kú pẹ́ lórí iyanrìn, inú wọn ti ṣófo, ìda kò jẹ́ kí ìta wọn jẹrà. Òdòdó rẹ̀ fẹ́lẹ́ gan-an, ẹ sì lè wo ojú rẹ̀ kí ẹ rí i pé ẹbí geranium ni.

Lórí ìbéèrè kejì, mo yàtọ̀ díẹ̀ sí ohun tí àwọn tó ṣáájú mi ń sọ bí ẹni pé èdè Afrikaans ni orúkọ wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀. Ghaap jẹ́ ọ̀rọ̀ Khoekhoe, ìyẹn èdè àwọn Nama àti àwọn ìbátan wọn, tí Afrikaans yá. Wọn a sì máa sọ pé na tó wà nínú naboom ti ibẹ̀ wá pẹ̀lú. Àwọn darandaran Khoekhoe ló ti ń da ẹran lórí ilẹ̀ yẹn kí ọkọ̀ ojú omi kankan tó gúnlẹ̀ sí Cape, ẹnu wọn sì ni àwọn tó dé lẹ́yìn ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n mọ̀. Nítorí náà, níbi tí ẹ bá ti rí orúkọ Khoekhoe lẹ́nu ẹni tó ń sọ èdè náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ìró rẹ̀ pípé, irú èyí tó wà nínú ǀAi-ǀAis, orúkọ ibì kan ní Nàmíbíà, ẹ má yọ àmì náà torí pé ó ṣòro láti tẹ̀. Níbi tí ẹ kò bá ti rí i, ẹ fi àyè sílẹ̀, ẹ má hùmọ̀ rẹ̀.

Bí mo ṣe máa to ọ̀rọ̀ kan bí ó bá jẹ́ èmi nìyí. N óò fi orúkọ sáyẹ́ǹsì ṣe olórí, torí òun ni kì í jẹ́ kí a ṣi ewéko méjì mú fún ara wọn. N óò kọ orúkọ Afrikaans ní kíkún, soetnoors ni, kì í ṣe noors lásán. N óò dárúkọ agbègbè tí wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi ewéko náà ṣe tàbí ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù lára rẹ̀. Fún Euphorbia virosa, n óò kọ gifboom, n óò kọ Northern Cape àti Nàmíbíà, n óò sì fi gbólóhùn kan kún un pé ní Vanrhynsdorp, igi mìíràn tí kò ní ẹ̀gún ló ń jẹ́ orúkọ náà. Ẹ tún bá àwọn òǹkàwé wa sọ bí wọ́n ṣe ń pe g ní Afrikaans: láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun ni ó ti ń há jáde, kì í ṣe g tiwa. Ẹni tó bá pe gifboom pẹ̀lú g Yorùbá lè sọ ọ́ títí, darandaran lè má mọ ohun tó ń wí. Gh tó bẹ̀rẹ̀ ghaap ni ó dà bí g tiwa.

Bí ẹ bá ti kọ abala noors tán, ẹ gbé e síbí kí Ọmọ-Darandaran bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, pàápàá ibi tí ẹ bá ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń jẹ́ kó rọ kí ẹran tó jẹ ẹ́. Ẹni tó ní ewúrẹ́ lè tẹ̀ lé ohun tó bá kà níbẹ̀.